Ẹ Kú Ìdúró

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí lọ́jọ́ tí mo bá níṣẹ́, torí ẹni tó fẹ́ sè fún ọ̀ọ́dúnrún èèyàn gbọ́dọ̀ ti ṣáájú oòrùn dé ìdí àdògán. Iná ìjọba kì í sábà sí lásìkò yẹn, àmọ́ mo mọ yàrá mi débi pé mo lè fojú dídì rìn dé balùwẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo dìde, mo sì padà jókòó kíá. Mo rò pé mo tẹ nǹkan ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo fi wo ilẹ̀: kò sí ìṣó, kò sí àfọ́kù ìgò. Mo tún dìde, nǹkan náà tún gún mi, ní abẹ́ gìgísẹ̀ òsì, lápá inú. Mo di ògiri mú, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ lọ́jà.

Nígbà tí mo fi wẹ̀ tán, ó ti lọ. Mo wọṣọ, mo gbàgbé ẹ̀.

Bó ṣe tàn mí jẹ fún bí oṣù méjì nìyẹn. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni oró rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Tí mo bá ti rìn síwá sẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rọlẹ̀, á fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́, á wá padà wá bá mi lálẹ́. Bí mo bá sì jókòó pẹ́ tí mo dìde, ó di àárọ̀ tuntun nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo wọ Máíkírà láti Dùgbẹ̀ lọ ra ata ní Bódìjà. Ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró gbagidi, mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, mi ò lè lọ, mi ò lè bọ̀. Awakọ̀ ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lówó mi, wọ́n á mú mi níbí." Ó rò pé owó ni mi ò fẹ́ san.

Alásè ni mí. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìkómọ, ìṣílé, bí oúnjẹ bá ti wà níbẹ̀, wọ́n lè pè mí. Ọjọ́ Sátidé tó bá le, mo lè dúró láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago méje alẹ́, lórí sìmẹ́ńtì, nínú sílípáàsì rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ débi pé bí mo bá tẹ owó ẹyọ, mo lè sọ iye tó jẹ́. Oṣù Kejìlá ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìnáwó máa ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ara mi náà ò sì fúyẹ́. Gbogbo èyí ni mo wá mọ̀ lẹ́yìn pé ó ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Nígbà yẹn, mo kàn rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ìyá ọkọ mi ní làkúrègbé ni. Àbúrò mi ní kí n dín àmàlà alẹ́ kù. Alásè ẹlẹgbẹ́ mi kan fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní wọ́n dá nǹkan sílẹ̀ fún mi ni, mo sì ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé mi ò rí i pé lẹ́yìn iṣẹ́ òkú olówó tí mo gbà mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ló bẹ̀rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbá ẹnu ọ̀nà mi ju bí mo ṣe máa ń gbá a lọ.

Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹsẹ̀. Mo fi òrí wọ́ ọ. Mo fi ìpara tó ń jó bí ata ra á, tí àwọn ọmọ mi ò fi fẹ́ wọ yàrá mi mọ́. Mo mu àgbo tó korò dé ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn àdúgbò wa wá po oríṣi mẹ́rin pọ̀ fún mi sínú ọ̀rá kékeré, funfun, pupa, aláwọ̀ ìyeyè àti ọ̀kan roboto, ó ní kí n máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìrora náà rọlẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ kẹta, inú ló kù tó ń dùn mí, ìgbẹ́ mi sì dúdú bí ọ̀dà. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀ kó má jókòó máa rò ó, kó gba ilé ìwòsàn lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ikùn ló máa ń sọ ìgbẹ́ dà bẹ́ẹ̀, irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ sì lè dá ikùn ní egbò. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyẹn. Kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n tọ́jú inú mi, mo sì fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kún un. Wọ́n ní kí n ya àwòrán. Àwòrán jáde: ní abẹ́ eegun gìgísẹ̀, nǹkan ṣóńṣó kan yọ síwájú bí ẹnu ẹyẹ. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Oṣù mélòó ni mo ti ń sọ fún èèyàn pé nǹkan ń gún mi, wọ́n á wo ẹsẹ̀ mi, kò wú, kò pupa, kò ní egbò, wọ́n á wá wo ojú mi bí ẹni tó ń wá ẹ̀rí láti sá fún iṣẹ́. Àwòrán yẹn di ìwé ẹ̀rí. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi, mo na ìka sí i: ẹ wò ó, eegun ló hù.

Dókítà ní ká fún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Mi ò ní ṣàpèjúwe ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìrora; mo kígbe lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, mo di ọmọge. Mo jó níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú bàtà gogoro. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, mo padà jókòó. Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kejì ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé ìtura abẹ́rẹ́ yìí kì í sábà ju oṣù kan lọ, àti pé bó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí iṣan abẹ́ ẹsẹ̀ já, ó sì lè jẹ ọ̀rá tí Ọlọ́run tẹ́ sábẹ́ gìgísẹ̀ bíi tìmùtìmù. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á o. Ó níbi tó wúlò. Ó kàn yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi ni, kí n fi ọwọ́ ara mi yàn.

Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ló rọra sọ fún mi lójú ọ̀nà pé kí n lọ rí àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara, ní ilé ìwòsàn ìjọba. Mo tò fún wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó pè mí wọlé ò lè ju àkọ́bí mi lọ. Mo na àwòrán mi sí i, ó gbà á, ó fi sórí tábìlì láì wò ó. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó yí bàtà náà lẹ́yìn wò, ó tẹ̀ ẹ́, bàtà náà ká bí ìwé. Ó wá béèrè wákàtí tí mo fi ń dúró lóòjọ́. Kò sẹ́ni tó ti bi mí rí. Mo kà á fún un, Ọjọ́bọ̀ tí a ń to ata àti ẹran sílẹ̀, Jímọ̀ tí a ń dín, Sátidé tí a ń sè tí a sì ń bu. Ó tẹ́tí sí gbogbo ẹ̀, ó wá ní, "Ẹ kú ìdúró, mà."

Kò fi ṣe àwàdà. Bó ṣe yẹ kí ọmọ kí àgbà ló kí mi, àmọ́ ojú mi gbóná. Ó ti lé lógún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń kí mi bẹ́ẹ̀ nídìí ìkòkò, tí mò ń dá wọn lóhùn "oo" láì gbójú sókè. A ní ẹ kú iṣẹ́, a ní ẹ kú ìrìn, a sì yọ ìdúró sọ́tọ̀, a fún un ní ìkíni tirẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ni ìdúró. Èmi tí mò ń ṣe é, mi ò kà á mọ́ iṣẹ́. Sísè ni mò ń gba owó lé lórí. Bàbá mi máa ń pa ìtàn kan tó ní inú Ifá ló ti wá, pé àwọn orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn ò pe ẹsẹ̀, ìjà sì ni ìpàdé náà fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ràn wọn tó ṣẹ. Mo ti gba iṣẹ́ tó tó ẹgbẹ̀rún, mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo pe ẹsẹ̀ sí i.

Físíò náà ní kí n gbé ẹsẹ̀ òsì lé orúnkún ọ̀tún. Ó fi ọwọ́ kan fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn síhà ojúgun, ó ní kí n fi ìka mi kan kòtò àtẹ́lẹsẹ̀. Nǹkan kan le níbẹ̀, ó nà tantan láti gìgísẹ̀ lọ sí ọmọ ìka. Ó fi àtàǹpàkò sílẹ̀, nǹkan náà rọ̀. Ó tún fà á, ó tún le. "Ẹ rí i bí ọrun àti ọsán," ó ní. Eegun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun ọdẹ, iṣan fẹ̀ǹfẹ̀ yìí ni ọsán tó fà á mọ́ra. Nígbàkigbà tí gìgísẹ̀ bá gbéra, tí ọmọ ìka sì tẹ̀, ọsán á fà, ẹsẹ̀ á le, a ó fi ti ara wa síwájú. Oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀gbẹ́ni Hicks, ló ṣàlàyé ẹ̀ fún ayé ní 1954. Bí a bá ń rù ú ju agbára rẹ̀ lọ lójoojúmọ́, pàápàá tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá ti gan, ibi tí ọsán ti so mọ́ eegun gìgísẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kígbe. Tí a bá sùn, ẹsẹ̀ á nà sísàlẹ̀, ọsán á sún kì. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló ń fà á lójijì.

Mo ní eegun tó hù yẹn ńkọ́? Ìgbà yẹn ló tó gbé àwòrán mi sókè síná. Ó ní òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí gìgísẹ̀ ò dùn wọ́n rí, ọ̀pọ̀ ló sì ń jẹ ìrora tí kò ní in. Ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú ẹsẹ̀ mi kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí mi ṣe di ìwé lásán nìyẹn.

Plantar fasciitis ni àwọn oníṣègùn ń pè é, ìparí orúkọ yẹn sì túmọ̀ sí pé ara wú, ó gbóná. Àmọ́ ní 2003, àwọn oníṣègùn ẹsẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣan tí wọ́n gé lára àádọ́ta aláìsàn lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, wọn ò rí wíwú. Ohun tí wọ́n rí ni iṣan tó ti gbó, tó ti sán bí okùn kànga. Èyí tù mí nínú lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé tán. Okùn tó gbó, ẹnì kan kì í bínú sí i. Ó sì jẹ́ kó yé mi ìdí tí oògùn ọmọkùnrin yẹn ò fi wò mí: ó ń pa iná níbi tí iná ò sí.

Ohun tó fún mi láti ṣe kéré débi pé ó bí mi nínú. Kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, kí n gbé e lé orúnkún, kí n fa ọmọ ìka sẹ́yìn, kí n ka ení dé ẹ̀wá, kí n dẹ̀ ẹ́, kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kí n tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wò ó pé, mo tò fún wákàtí mẹ́rin nítorí kí n fa ìka ẹsẹ̀? Ó ní wọ́n ti dán an wò lára èèyàn 101 tí tiwọn ti tó oṣù mẹ́wàá ó kéré tán, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2003, ó sì ṣe dáadáa ju nínà ẹ̀yìn ojúgun nìkan lọ. Ẹ̀yìn oṣù kan ló fi ìkejì kún un, èyí tí àwọn ará Denmark dán wò lára èèyàn 48. A ó ká táwẹ́ẹ̀lì, a ó fi sábẹ́ ọmọ ìka lórí àtẹ̀gùn, gìgísẹ̀ á wà lófuurufú. A ó gùnkè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, a ó dúró lókè fún méjì, a ó sọ̀ kalẹ̀ fún mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì-kejì. Bó bá ti rọrùn, ká gbé ẹrù sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó ṣe é sàn ju àwọn tó kàn ń na ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tó fi pé ọdún kan, àwọn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bọ́ nínú ẹ̀ láàárín bí ọdún kan, bó ti wù kó rí.

Mo ti rò pé ìsinmi ni wọ́n máa ní kí n lọ ṣe. Ìdákejì ẹ̀ ni. Ọsán tó gbó ò lè lágbára lórí bẹ́ẹ̀dì; ẹrù díẹ̀díẹ̀ tó mọ níwọ̀n ló ń kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ burú, mo sì fẹ́ jáwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo dìde lálẹ́ láti lọ tọ̀, mo ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó rántí pé mi ò di ògiri mú.

Mo wá bàtà. Mo rí i ní ọjà òkìríkà, bàtà dúdú irú tí àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó ń wọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, kò burẹ́wà jù. Mi ò rìn láìwọ bàtà mọ́ nínú ilé, èyí tí inú ìyá ọkọ mi ò dùn sí. Ibi tó le fún mi jù ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ìjọ Sẹ́lẹ́ ni mí, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Láti ilé mi dé ibẹ̀ ọ̀dà ni, ó gbóná, ó le bí àdá. Ìgbà tí mo lọ́ mọ́ra dé kọ́nà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan tí mo jókòó sórí gọ́tà pẹ̀lú aṣọ funfun, mo pinnu. Báyìí, inú báàgì ni sùtánà ń wà títí màá fi dé ẹnu géètì. Mi ò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wòlíì kankan.

Nídìí iṣẹ́, mo ra àpótí mẹ́ta. Ata gígé, ewédú jíjá, ẹran rírẹ́, ìjókòó la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí, a sì tẹ́ rọ́bà nínípọn sí ìdí àdògán. Oníbàárà kan wọlé lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, ó bá mi lórí àpótí. Ó ní, "Ìyá alásè, ẹ ti jókòó? Ṣé oúnjẹ yìí máa jinná?" Ohùn yẹn ṣì wà létí mi. Oúnjẹ jinná. Owó tó kù ló pẹ́ kó tó san.

Ohun kan ṣì wà tí físíò náà tẹnu mọ́, kò sì yẹ kí n fi sẹ́yìn: kì í ṣe gbogbo gìgísẹ̀ tó ń dùn ló jẹ́ eléyìí. Ẹni tó bá fò láti ibi gíga tí kò wá lè tẹlẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tìpìrì tàbí tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní ibà pẹ̀lú ẹ̀, ọ̀dọ́ tí gìgísẹ̀ méjèèjì ń dùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń gan láàárọ̀, gbogbo wọn ní ìdí mìíràn láti lọ rí dókítà, kí wọ́n má sì jókòó máa fa ọmọ ìka.

Ọdún kan àbọ̀ rèé. Oṣù míì wà tí mi ò gbúròó rẹ̀ rárá. Tí mo bá gba iṣẹ́ méjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, á kàn sí mi láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó sì lọ. Mo ṣì ń ṣe ti àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń lò, ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn òyìnbó ń kó ìwé sínú báàgì láti fi ṣe ẹrù. Èmi ń fi gàárì sínú ọ̀rá, mo fi aṣọ wé e, mo fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Kílò méjì la fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti di mẹ́jọ. Ọmọ alábàágbé wa, ọmọ ọdún márùn-ún, máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga máa wò mí bí mo ṣe ń gùnkè tí mò ń sọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sún mọ́ mi, ó rọra bi mí pé, "Màmá, kí ló dé tí ọmọ yín kì í sunkún?"

Mo ní ó ti sùn.